Kíláàbù Kan Kì Í Dá Gbá Bọ́ọ̀lù

 Ojú ìwé yìí kì í sábà kúrò lórí ọ̀rọ̀ owó yíyá, ọjà àjọrà àti iye tí kóówá ní lọ́wọ́ akápò. Lóṣù yìí, ẹ fún wa láyè ká rìn jìnnà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń tìtorí rẹ̀ pariwo o, béèsìbọ́ọ̀lù ni, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá. Ẹ má tíì ṣí ìwé kọjá. Ọ̀rọ̀ owó ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sì ni pẹ̀lú.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ìlú St. Paul, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, pápá ìṣeré kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ṣí ní ọdún 2015. CHS Field ni wọ́n ń pè é. Ta ló ń jẹ́ CHS? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ni! Àwọn tó ń gbin àgbàdo, àlìkámà àti ẹ̀wà sóyà, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kéékèèké tó wà ní ìgbèríko wọn, ni wọ́n jọ ni ín. Wọ́n jọ ń ta ọkà, wọ́n jọ ń ra ajílẹ̀ àti epo. Ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí ló sanwó kí orúkọ rẹ̀ lè wà lára pápá. Kíláàbù tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà náà, St. Paul Saints, kò sì sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Ó ń dá jẹ, ó ń dá mu. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí irú kíláàbù bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí owó gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò rí i. Líìgì wọn ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ògiri tí òjò ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó dúró sì wà. Ìdí tí èyí fi dúró tí ìyẹn fi wó ló mú mi kọ ìwé yìí.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọjà náà ṣe rí. Kíláàbù ńlá 30 ló wà lókè pátápátá. Lábẹ́ wọn ni àwọn kíláàbù kéékèèké wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ agbábọ́ọ̀lù dàgbà. Kíláàbù ńlá ló ń san owó oṣù àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ẹni tó ni kíláàbù kékeré kàn ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni, ó ń ta oúnjẹ, ó ń tọ́jú pápá. Títí di ọdún 2020, irú kíláàbù kéékèèké bẹ́ẹ̀ tó 160. Ní 2021, àwọn ọ̀gá òkè gé wọn kù sí 120. Nǹkan bí ìlú 40 ló jí lójú oorun tí wọ́n bá ara wọn níta.

Àwọn tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń pè ní kíláàbù olómìnira. Òmìnira dùn-ún gbọ́ létí, àbí? Ṣùgbọ́n owó oṣù agbábọ́ọ̀lù, owó bọ́ọ̀sì, owó hòtẹ́ẹ̀lì, títí kan owó bọ́ọ̀lù tó bá fò sọnù, àpò ẹni tó ni kíláàbù ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Sáà wọn kò sì ju bí oṣù mẹ́rin lọ, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí oòrùn wà. Ohun tí wọn ò bá pa láàárín ìgbà yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rè é. Tí mo bá ń ta àǹkárá, tí ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì bá kógbá wọlé, oníbàárà rẹ̀ lè yà sọ́dọ̀ mi. Kò dáa ká máa yọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Nínú líìgì, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí kíláàbù ń tà ni eré, eré ọ̀hún kò sì ṣeé dá ṣe. Kíláàbù tó wà ní ìlú kejì kì í ṣe ẹni tó ń bá mi du oníbàárà, ìdajì ọjà mi ni. Tó bá kú, ọjà tí mo ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà ló kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kíláàbù 8 ló wà nínú líìgì kan, tí kóówá ní eré 42 láti gbá nílé. Á jẹ́ pé kíláàbù kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 7 yòókù máa wá bá mi gbá lẹ́ẹ̀mẹfà. Tí ọ̀kan bá kú kó tó wá rárá, eré 6 ti lọ nìyẹn. Tí òǹwòran 1,500 bá ń wá lálẹ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì 9,000 ni mi ò ní tà mọ́, ká má tíì sọ oúnjẹ àti ọtí. Kò sì tán síbẹ̀. Ó ku kíláàbù 7, méje kò sì ṣeé pín sí méjì-méjì. Lójoojúmọ́ ni ẹnì kan á máa jókòó lásán, owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ á sì máa lọ. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà lódindi á wá béèrè owó rẹ̀. Oníṣòwò tó sanwó kí wọ́n lẹ ìpolówó òun mọ́ ògiri pápá, òun náà á dé. Àwọn líìgì kan ti dá ọgbọ́n kan sí i: wọ́n á kó àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ, wọ́n á fi wọ́n ṣe kíláàbù arìnrìn-àjò tí kò nílé, tó jẹ́ pé ilé onílé ni wọ́n á ti máa gbá a látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Líìgì Atlantic ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2002, Líìgì Frontier náà ṣe é ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ san owó bọ́ọ̀sì wọn àti ibi tí wọ́n máa sùn, kò sì sí owó géètì kankan tó ń wọlé fún wọn. Bí ẹni fi aṣọ tó ti gbó lẹ aṣọ tó ya ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 2003. Wọ́n dá líìgì kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Canadian Baseball League. Wọ́n fi Ferguson Jenkins ṣe alákòóso, ẹni tó jẹ́ ọmọ Kánádà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn àwọn akọni béèsìbọ́ọ̀lù. Orúkọ tó dáa ni. Kíláàbù 8 ni wọ́n kó jọ: Victoria, Kelowna, Calgary àti Saskatoon ní ìwọ̀-oòrùn, London, Niagara, Montreal àti Trois-Rivières ní ìlà-oòrùn. Láti Victoria dé Trois-Rivières, lórí títì, ju 4,000 kìlómítà lọ. Kíláàbù tí wọ́n pè ní ti Montreal kò ní pápá tirẹ̀ ní Montreal. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Òǹwòran kò tó. Ní oṣù keje, lẹ́yìn eré tí àwọn àyànfẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ní Calgary, wọ́n ti ìlẹ̀kùn líìgì náà pa. Wọ́n gbé ife tí wọ́n fi orúkọ Jenkins pè fún Calgary, nítorí òun ló wà lókè nígbà tí ọjà tú.

Ẹ ro ti àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ nílé, ó gbé àpò igi rẹ̀, ó rìnrìn-àjò wá. Ní àárín sáà, wọ́n ní kó máa lọ. Gbogbo líìgì yòókù ti kún nígbà náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí eré lásán.

Ẹ̀kọ́ Kánádà kò tíì tutù tí àwọn mìíràn fi tún ṣe é. Líìgì kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, Golden Baseball League, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ní ọdún 2010, ó ti ní kíláàbù ní Edmonton ní Kánádà, ó ní ní Tijuana ní Mẹ́síkò, ó sì tún ní ní Maui, erékùṣù Hawaii tó wà láàárín òkun! Bọ́ọ̀sì kì í gun orí òkun. Ọkọ̀ òfúrufú ni, fún kíláàbù tí òǹwòran rẹ̀ ń san owó kékeré láti wọlé. Sáà yẹn ni líìgì náà gbá kẹ́yìn lórúkọ ara rẹ̀. Ó da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn méjì mìíràn tí ara wọn kò yá, wọ́n di North American League ní 2011. Nígbà tí 2012 fi máa parí, gbogbo rẹ̀ ti tán. Aláìsàn mẹ́ta kò lè gbé ara wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá pè mí láti wá wo irú líìgì bẹ́ẹ̀, àwòrán ilẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Ìlú tí bọ́ọ̀sì lè jáde kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn eré alẹ́ kó sì dé ìlú kejì kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹn ni kí wọ́n mú. Tí ìlú bá jìnnà síra, kí wọ́n pín in sí apá méjì, kí apá kọ̀ọ̀kan máa bá ara rẹ̀ gbá jù, kí wọ́n pàdé níparí. Líìgì Frontier bẹ̀rẹ̀ ní 1993 ní ìlú kéékèèké tó súnmọ́ra, ní agbègbè Ohio àti West Virginia. Kíláàbù 8 ló bẹ̀rẹ̀, méjì kú kí sáà àkọ́kọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n mẹ́fà ló kù, mẹ́fà sì ṣeé pín. Ó ṣì wà dòní.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni ti ẹni tí a ń gbà wọlé, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ wa tẹ́tí sí. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ èsúsú kan rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè san owó ìwọlé ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í béèrè onídùúró. Owó ìwọlé ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni wọ́n fi ń san fún ẹni tó kàn láti kó. Ọdún tí èèyàn tuntun wọlé jù lọ, tí gbogbo wa ń jó, ọdún yẹn náà la tú. Títí dòní, owó mi kan wà níbẹ̀.

Líìgì tí ara rẹ̀ kò yá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kíláàbù tuntun ń san owó ńlá kó tó wọlé, owó ọ̀hún á dùn, wọ́n á fi di ihò tó wà nílẹ̀, wọ́n á tún lọ wá kíláàbù tuntun mìíràn. Wọ́n ń jẹ iṣu èèbù. Ní tèmi o, líìgì tó ń ṣòjòjò kò gbọ́dọ̀ gba ẹnikẹ́ni wọlé fún sáà méjì gbáko, àfi tí wọ́n bá ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa mú kí iye wọn pé méjì-méjì. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé, kó mú ìwé àdéhùn pápá wá, kì í ṣe ìlérí. Kó mú ìwé ìdúró láti báǹkì wá, owó tó tó parí sáà náà bí òun fúnra rẹ̀ bá tilẹ̀ sá lọ. Àwọn líìgì tó gbọ́n ń béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò béèrè ni ẹ ń gbọ́ ìròyìn òkú wọn.

Kí ẹ lè rí i pé ẹni tó ń tọ́jú ọjà ṣe pàtàkì ju ọjà lọ, ẹ jẹ́ ká lọ sí Schaumburg, lẹ́bàá Chicago. Kíláàbù kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Flyers. Gbèsè owó pápá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ títí wọ́n fi lé e jáde ní 2011. Àwọn kan ní ìlú náà kò fẹ́ràn béèsìbọ́ọ̀lù mọ́ ni. Ní 2012, ẹlòmíràn gbé kíláàbù tuntun wọ inú pápá yẹn kan náà, ó pè é ní Boomers. Ìlú kan náà, ìjókòó kan náà. Ní 2013 wọ́n gba ife Líìgì Frontier, ní 2014 wọ́n tún gbà á, wọ́n sì ti gbà á sí i lẹ́yìn ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lágbára náà lè pa líìgì. Northern League, tí Miles Wolff jẹ́ olórí àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1993, ló jí ìfẹ́ kíláàbù olómìnira padà ní Amẹ́ríkà. Ní 2005, mẹ́rin nínú àwọn kíláàbù rẹ̀, St. Paul wà lára wọn, bínú jáde, wọ́n lọ bá àwọn mìíràn dá American Association sílẹ̀. Lẹ́yìn sáà 2010, mẹ́rin mìíràn tún tẹ̀lé wọn. Northern League kò gbá eré kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó ń pa owó kò fẹ́ fa ẹni tí kò pa lọ́wọ́, ẹni tí kò pa kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ìwé òun wò. Ní ọ̀pọ̀ líìgì kékeré, ẹni tó gbàlejò ló ń kó gbogbo owó géètì, àlejò á fi ọwọ́ òfo padà sínú bọ́ọ̀sì. Èmi ò rí i bíi pé ó tọ́. Ká ní lára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wọ́n ń yọ kọ́bọ̀ kan-kan sínú àpò àjọni, àpò yẹn ni wọ́n á fi máa ran ẹni tó rin ìrìn tó jìnnà jù lọ́wọ́, òun náà ni wọ́n á fi parí sáà tí ẹnì kan bá ṣubú. Olówó á ní, “Kí ló dé tí mo fi máa bọ́ ọ̀lẹ?” Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú àpò náà, kó ṣí ìwé owó rẹ̀ fún gbogbo ilé. Ẹni tí kò bá lè ṣí i, kó máa lọ, kí ó sì lọ ní ìparí sáà, kì í ṣe ní àárín rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí St. Paul, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjà títà ti dùn jù. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé Saints dìde ni Mike Veeck. Ọkùnrin yìí ti bà jẹ́ lójú ayé béèsìbọ́ọ̀lù. Bàbá rẹ̀ ló ni White Sox ti Chicago tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1979, Mike dá ọgbọ́n kan pé kí àwọn èèyàn mú àwo orin dísíkò wá, kí wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ wọn ní àárín eré méjì. Èrò ya bo pápá, ilẹ̀ bàjẹ́, kíláàbù wọn sì pàdánù eré kejì láìgbá a. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó tún fẹ́ gbà á síṣẹ́. Nígbà tó dé St. Paul ní 1993, kò ní nǹkan kan tó máa pàdánù mọ́.

Ìlú ọ̀hún ní kíláàbù ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Minnesota Twins, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ńlá ní 1991. Ta ló máa wá wo àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n? Veeck kò bá Twins du bọ́ọ̀lù gbígbá. Ìrọ̀lẹ́ aláyọ̀ ló ń tà. Pápá àtijọ́ kan tó wà létí ojú irin ni wọ́n ń lò, rélùwéè á máa kọjá lẹ́yìn ògiri. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan ló ń ru bọ́ọ̀lù tuntun lọ fún rẹfirí, ọdọọdún ni wọ́n sì ń sọ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tuntun lórúkọ apanilẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ gẹ irun á jókòó gẹ̀ ẹ́ bí eré ti ń lọ. Obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà kan ń wọ́ èèyàn lára níbẹ̀, onítọ̀hún á sanwó, á sì máa wo bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Pápá ń kún. Ẹ̀yin Alhaji, ẹ má bínú sí mi o, mi ò sọ pé kí gbogbo ayé máa sin ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú bí ọjọ́ 50 tí wọ́n ń gbá nílé, wọ́n lè pàdánù 25, ẹni tó mú ọmọ rẹ̀ wá kò sì ní kábàámọ̀ owó rẹ̀. Líìgì tó bá jẹ́ pé borí nìkan ló ń tà, ìdajì oníbàárà rẹ̀ ló ń padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́ lálaalẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tọkọtaya kan, Jesse àti Emily Cole, ṣe irú èyí ní Savannah, ní Georgia. Kíláàbù tó wà níbẹ̀ kó lọ lẹ́yìn 2015, ó ní pápá ti gbó. Àwọn wọ̀nyí wọ inú pápá gbígbó yẹn ní 2016, wọ́n sọ kíláàbù wọn ní Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn Savannah Bananas. Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n ta ilé tí wọ́n ń gbé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ mọ̀ ni pé wọ́n fi owó oúnjẹ sínú tíkẹ́ẹ̀tì: o sanwó lẹ́ẹ̀kan, o wọlé, o jẹun. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin kì í tọwọ́ bàpò lẹ́ẹ̀mẹwàá lálẹ́ kan mọ́. Líìgì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ti wọn nígbà náà, kì í ṣe ti àwọn tó ń gbowó, ṣùgbọ́n oníbàárà kan náà ni.

Ó ku ọjà kan tí àwọn líìgì yìí ń tà tí wọn kò mọ̀ pé ọjà gidi ni. Ní 2007, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Daniel Nava ń gbá bọ́ọ̀lù fún Chico Outlaws ní Golden League tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ó gbá a débi pé Boston Red Sox, kíláàbù ńlá, wá rà á. Èló? Dọ́là 1. Ẹ ò ṣì í kà, dọ́là kan ṣoṣo, pẹ̀lú àdéhùn pé tí wọ́n bá dá a dúró, wọ́n á san 1,499 sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2010, Nava dé orí pápá àwọn ọ̀gá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni mẹ́ta ti ń dúró de ọ̀nà láti sáré wọlé. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí i, ó gbá a kọjá ògiri, àmì mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2013, ó wà lára àwọn tó gba ife ńlá. Ọdún 2010 yẹn gan-an ni líìgì tó ti í jáde gbá sáà rẹ̀ ìkẹyìn.

Mi ò sọ pé kí wọ́n fi owó gọbọi dènà ọmọ tí ọ̀nà rẹ̀ là. Nítorí ọ̀nà yẹn ló ṣe wá, ẹni tó bá dí i kò ní rí agbábọ́ọ̀lù mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi ewúrẹ́ ṣe àgbàsìn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: tó bá bímọ, a jọ pín in ni. Kí líìgì lápapọ̀, kì í ṣe kíláàbù kọ̀ọ̀kan tí ebi ń pa, jókòó bá àwọn ọ̀gá òkè ṣe àdéhùn pé ọmọ tó bá dé òkè, nǹkan á padà wá sínú àpò àjọni. Ẹni tó dá lọ tà ni wọ́n ń rà lówó pọ́ọ́kú.

Líìgì Atlantic rí ọjà mìíràn tà. Láti 2019, ó bá àwọn ọ̀gá òkè ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa wá dán òfin tuntun wò lórí pápá òun. Wọ́n fi ẹ̀rọ ṣọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ á sọ sí rẹfirí létí bóyá bọ́ọ̀lù náà wọlé tàbí kò wọlé. Wọ́n mú kí tìmùtìmù tí wọ́n ń sáré dé lórí pápá fẹ̀ sí i. Ní 2023 ó di òfin fún àwọn ọ̀gá. Ti ẹ̀rọ náà, wọ́n fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, pé kó bẹ̀rẹ̀ ní 2026. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ráhùn pé wọ́n fi àwọn ṣe eku ìdánwò, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn. Ṣùgbọ́n líìgì tí ẹni tó ga jù ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ohun tó máa fi dúnàádúrà.

Ti owó oṣù agbábọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Ó kéré débi pé kò lè gba ilé. Ìdílé kan nínú ìlú á yọ̀ǹda yàrá fún un, á jẹun lọ́dọ̀ wọn, á di ọmọ ilé. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe èyí dáadáa, gbogbo àdúgbò ló ń wá wo “ọmọ wa” lálẹ́. Mo gbà pé ó dáa. Síbẹ̀ kí wọ́n má fi àánú àwọn ará ìlú bo owó iṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Ta ló yẹ kó ni irú kíláàbù báyìí? Ní 1957, ní Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, kíláàbù ńlá tó ni Red Wings fẹ́ fi í sílẹ̀. Oníṣòwò kan, Morrie Silver, kó àwọn ará ìlú jọ, wọ́n ta ìpín ìdókòwò ní dọ́là 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó rà á ju 8,000 lọ. Wọ́n ra kíláàbù náà àti pápá rẹ̀. Lábẹ́ àwọn ọ̀gá òkè ni kíláàbù yẹn ṣì ń gbá títí dòní, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ló ni ín, kò sì kó lọ.

Oakland ní California kò rí irú èyí ṣe lákòókò. Láàárín 2019 sí 2024, kíláàbù ńlá mẹ́ta ló kó kúrò níbẹ̀: ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àti Athletics tó ti ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù níbẹ̀ láti 1968. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ọmọ agbègbè náà, Paul Freedman àti Bryan Carmel, wá dá kíláàbù olómìnira kan sílẹ̀, Oakland Ballers, wọ́n wọ Líìgì Pioneer ní 2024. Wọ́n tún pápá ìlú kan ṣe ní ìwọ̀-oòrùn Oakland, Raimondi Park. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n ta ìpín fún àwọn òǹwòran. Àwọn tó rà á ju 2,000 lọ, owó tó wọlé ju mílíọ̀nù dọ́là kan lọ. Òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ẹni tó fẹ́ rà pé gbogbo owó yìí lè ṣègbé. Wọ́n kà á, wọ́n sì rà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Ballers gba ife Líìgì Pioneer ní sáà wọn kejì, àwọn tó ni kíláàbù wà lórí ìjókòó, wọ́n ń pariwo bí ẹni tó sanwó wọlé, nítorí pé wọ́n sanwó náà.